Ihò Inú Ìkùukùu Kì í Dúró De Ẹnikẹ́ni: Bí Mo Ṣe Fò Lókè Ìkùukùu Etíkun

Ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀, aṣọ ìyẹ́ ya níbi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko sì kọjá kí gíláídà mi tó tún kúrò nílẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló fà á. Ẹni tó ń ṣàlàyé ojú ọjọ́ fún wa láàárọ̀ ọjọ́ náà ní ìkùukùu kò ní wọlé láti orí òkun títí di ìrọ̀lẹ́. Aago 1 kọjá ìṣẹ́jú 20 ló wọlé, mo ṣì wà lókè. Nígbà tí mo fi yíjú wo ibi ìbalẹ̀, funfun ti bò ó mọ́lẹ̀. Títí di ìsinsìnyí ni ọ̀rọ̀ náà ń bí mi nínú, nítorí pé tẹmómítà kan, ẹnì kan tó dúró nísàlẹ̀, àti ìṣirò tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè ṣe, ì bá ti sọ òótọ́ fún wa ṣáájú.

Mo padà lọ, mo sì ṣe é bó ṣe yẹ kí a ti ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Gíláídà tí mò ń sọ ni hang glider: aṣọ tí a nà sórí ọ̀pá alumíníọ́mù, tí ẹni tó ń fò fi háńẹ́ẹ̀sì so ara rẹ̀ rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, tó wá ń fi ìwúwo ara rẹ̀ darí rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Tèmi wúwo tó kìlógíráàmù 29. Kò ní ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ tó ń gòkè nìkan ló lè dá a padà. Ìdí nìyí tí ìkùukùu tó wà lábẹ́ yín fi léwu ju èyí tó wà lórí yín lọ. Ẹ lè yàgò fún tòkè. Tìsàlẹ̀ ti dí ọ̀nà ilé.

Títo gíláídà, yíyẹ bóòtù àti wáyà wò, sísáré gbéra: ẹni tó ń gbèrò àtifò lókè ìkùukùu ti mọ ìwọ̀nyẹn tipẹ́, mi ò ní tún un sọ.

Ìkùukùu etíkun kò bá òjò tan. Omi òkun tó tutù ló ń bí i. Létí òkun California, Peru, Chile, Namibia àti Morocco, omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun. Afẹ́fẹ́ tó bá fara kan an á tutù títí ọ̀rinrin inú rẹ̀ á fi di ìkùukùu. Afẹ́fẹ́ mìíràn tó gbóná tó sì gbẹ wà lókè rẹ̀, tó dé e mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ṣe ń dé ìkòkò. Ìkùukùu náà kò lè gba inú ọmọrí yìí jáde, ìyẹn ló fi máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ lórí bí ẹní. Àwọn ará Chile ń pè é ní camanchaca. Ìrì wẹ́wẹ́ tó ń bá a wá ni àwọn ará Peru ń pè ní garúa. Bí ọmọrí bá wà ní mítà 400, òkè tó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ á yọ orí síta bí erékùṣù, oòrùn á máa ràn lé e, gbogbo àfonífojì á sì kún fún funfun.

Ohun tí wọn kì í sọ ni pé afẹ́fẹ́ abẹ́ ọmọrí àti ti òkè rẹ̀ lè má jọra rárá. Afẹ́fẹ́ òkun lè máa fẹ́ wọlé nísàlẹ̀ ní kìlómítà 20 ní wákàtí, kí tòkè máa fẹ́ láti ilẹ̀ lọ sórí òkun. Ẹni tó bá dúró níbi ìgbéra tó ń wọn afẹ́fẹ́ ibẹ̀ nìkan kò tíì mọ afẹ́fẹ́ tó máa bá a níbi ìbalẹ̀.

Ìṣirò tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ rèé. Ibi ìgbéra ga tó mítà 620 sí òkun. Ibi ìbalẹ̀ wà ní mítà 40, ó sì jìnnà sí ibi ìgbéra tó kìlómítà 4.2. Mítà 580 ni a ní láti ná. Bí afẹ́fẹ́ bá dúró jẹ́ẹ́, tí mo sì ń sá eré kìlómítà 40 ní wákàtí, gíláídà mi ń lọ síwájú mítà 10 fún mítà 1 tó bá sọ̀. Mítà 420 yóò gbé mi débẹ̀, 160 á ṣẹ́ kù. Ohun tí gbogbo wa rí lójú nìyẹn, ọkàn wa sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òkun kọjú sí wa. Kìlómítà 12 péré ní wákàtí tó láti sọ eré mi lórí ilẹ̀ di 28. Mítà 10 yẹn di 7, kìlómítà 4.2 sì wá ń béèrè mítà 600. A kò ní 600. Ẹni tó bá gbéra tó dorí kọ ibi ìbalẹ̀ tààrà á já sáàárín igi kó tó débẹ̀, àfi bí ó bá kọ́kọ́ rí afẹ́fẹ́ tó gbé e sókè.

Ìṣirò kejì ló dùn mí jù. Ká ní ihò tó là nínú ìkùukùu fẹ̀ tó kìlómítà 3, tí etí rẹ̀ sì ń sún wọlé ní kìlómítà 20 ní wákàtí. Ìṣẹ́jú 9 ni yóò fi dí. Gíláídà mi ń sọ̀ ní mítà 1.1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti mítà 640 dé ibi ìbalẹ̀, ìṣẹ́jú 9 náà ni. Ẹni tó bá rí i pé etí ìkùukùu ti ń sún, tó ní kí òun ṣì yípo lẹ́ẹ̀kan sí i, ti pẹ́. Lóòótọ́, bí a bá fa ọ̀pá ìdìmú mọ́ra tí a sáré tó kìlómítà 70 ní wákàtí, a lè sọ̀ tó mítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n nínú afẹ́fẹ́ tó ń jùni síhìn-ín sọ́hùn-ún, a ti ń sún mọ́ eré tí olùṣe gíláídà ní kí a má kọjá nìyẹn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà, ilẹ̀ kan ṣoṣo tó kù tí mo lè rí ni orí òkè fúnra rẹ̀, lẹ́yìn ibi ìgbéra. Afẹ́fẹ́ tó ti gun òkè máa ń yí bírí lẹ́yìn etí òkè náà, bí omi odò ṣe ń yí lẹ́yìn àpáta. Ó ku bíi mítà 2 kí ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀ nígbà tí ìyẹ́ òsì já sílẹ̀. Ọ̀pá ẹ̀gbẹ́, èyí tí ọwọ́ máa ń dì mú nígbà ìbalẹ̀, ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ó sì tẹ̀. Kí ọ̀pá tó wọ́n jù ú lọ tó tẹ̀, òun ló yẹ kó tẹ̀, mi ò bá a jà. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti rí i pé ìṣubú kò ṣeé yẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ọ̀pá náà. Apá tó bá rọ̀ mọ́ ọn nígbà tó ń tẹ̀ ló ń kán láàárín èjìká sí ìgúnpá.

Ó wá kan ìdúró, èyí tó gba sùúrù mi tán. Aago 8 àárọ̀ ni mo ti wà lórí òkè. Aago 11 kọjá ìṣẹ́jú 40 ni mo gbéra.

Bí a ṣe ń wa ọkọ̀ gòkè, mo so tẹmómítà mọ́ ìta fèrèsé, mo sì ń kọ ohun tó ń sọ sílẹ̀. Ní mítà 40, ó jẹ́ 15 ní ìwọ̀n Celsius. Ní 140, 14. Ní 240, 13. Ní nǹkan bí 290 ni a wọnú funfun, tí gíláàsì iwájú ọkọ̀ sì rin. Ní 400, ó jẹ́ 12. Ní 430, ìmọ́lẹ̀ ya wọ inú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ojú sì ro wá. Nígbà tí a dé 450, tẹmómítà ti fò lọ sí 19. Ọmọrí ìkòkò nìyẹn. Ìsàlẹ̀ ìkùukùu wà ní 290, orí rẹ̀ wà ní 430: mítà 140 ló nípọn.

Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tiẹ̀ ṣeé ṣírò láìgun òkè. Ẹ mú ìwọ̀n ooru ibi tí ẹ dúró sí, ẹ yọ ìwọ̀n tí ìrì fi ń sẹ̀ (ìwọ̀n ooru tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fi ń di omi) kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ fi 125 sọ èyí tó kù di púpọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, 15 dín 13 jẹ́ 2, 2 lọ́nà 125 sì jẹ́ 250. Ẹ fi mítà 40 ti ibi ìbalẹ̀ kún un, ó di 290, gẹ́lẹ́ ibi tí a ti wọnú rẹ̀. Orí ìkùukùu ni ìṣirò yìí kò lè sọ, orí rẹ̀ náà ni wọn kò mẹ́nu bà lọ́jọ́ tí ọ̀pá mi tẹ̀. Báwo ni ẹ ṣe máa rán èèyàn lọ fò lókè nǹkan tí ẹ kò mọ ibi tí orí rẹ̀ wà?

Bí mo ṣe gúnlẹ̀, ibi tí nǹkan ti ń bí mi nínú pọ̀. Orí ọkọ̀ ni gíláídà wà nígbà tí a ń la ìkùukùu kọjá, àpò rẹ̀ rin, aṣọ ìyẹ́ sì rin pẹ̀lú. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn. Ẹ̀kán omi tó dúró wínníwínní sétí iwájú ìyẹ́ máa ń da ìṣàn afẹ́fẹ́ rú, ìyẹ́ á sì pàdánù agbára rẹ̀ ní eré tó ga ju èyí tí ọwọ́ yín mọ̀. Nígbà ìbalẹ̀ ni ẹ máa tó mọ̀, nígbà tí kò sí gíga tí ẹ lè fi ṣàtúnṣe. Mo fi aṣọ ìnura nù ún láti imú dé ṣóńṣó ìyẹ́ méjèèjì, mo yí i kọjú sí oòrùn, mo sì dúró títí tí ọwọ́ tí mo fi pa á fi jáde ní gbígbẹ.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti ń fò tipẹ́ gbà láti dúró níbi ìbalẹ̀ pẹ̀lú rédíò. Òpó iná gun òkè náà láti ìsàlẹ̀ dé ibi ìgbéra, 19 ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fi nǹkan bíi mítà 30 ga ju èyí tó tẹ̀ lé lọ. Iṣẹ́ tí mo bẹ̀ wọ́n kò ju kí wọ́n máa ka òpó tí wọ́n bá rí lọ.

“Àbúrò, òpó 8 ni mo rí.”

“Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi tún un kà ní ààbọ̀ wákàtí.”

Òpó 8 túmọ̀ sí mítà 280, ó bá tẹmómítà mu. Ní aago 9 ààbọ̀ ó ti di 10. Ihò ńlá kan là lápá ilẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ háńẹ́ẹ̀sì. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró. Oòrùn kì í jẹ ìkùukùu yìí láti òkè. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀ láti mú ilẹ̀ gbóná, ilẹ̀ gbígbóná á wá máa gbé ìsàlẹ̀ ìkùukùu sókè títí á fi ya. Nítorí náà, ibi tó jìnnà sí òkun ló máa ń kọ́kọ́ là, etíkun ló máa ń kẹ́yìn. Ihò tí wọ́n ń wò kò sí lórí ibi ìbalẹ̀ wa. Ní aago 10, ẹ̀gbọ́n pè: òpó 7. Ìkùukùu tuntun ti ti ara rẹ̀ wọlé láti òkun. Wọ́n bọ́ háńẹ́ẹ̀sì wọn, wọn kò sì dá mi lóhùn fún ìgbà díẹ̀.

9 ní aago 10 ààbọ̀. 12 ní aago 11. Ní 11 kọjá ìṣẹ́jú 20, mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n tó ń rẹ́rìn-ín: “Mo rí gbogbo òpó, mo tún rí yín lórí òkè.” Síbẹ̀ mo ṣì dúró fún ogún ìṣẹ́jú, títí tí etí ìkùukùu fi kọjá àpáta kan tó yọ orí nínú òkun, kìlómítà 5 sí etí omi. Èmi ni mo yan àpáta yẹn, inú mi sì dùn pé mo yàn án. Ibi ìbalẹ̀ wà ní kìlómítà 1.2 sí etí omi, ìyẹn ni pé láti àpáta dé ibi ìbalẹ̀ jẹ́ kìlómítà 6.2. Bí ìkùukùu bá ń bọ̀ ní 20 ní wákàtí, ó máa gbà tó ìṣẹ́jú 18 kó tó bo ibẹ̀. Èmi nílò ìṣẹ́jú 9 láti débẹ̀ àti bíi 5 láti yípo balẹ̀. Bí ó bá ti kan àpáta, mo gbọ́dọ̀ kọrí sísàlẹ̀ láìwẹ̀yìn.

Irú ìdúró báyìí ní ewu tirẹ̀. Èèyàn á tú kárábínà, ìkọ́ tó so háńẹ́ẹ̀sì mọ́ gíláídà, láti lọ mu omi, á padà wá, ara á yá a láti lọ, kò sì ní rántí so ó. Kí n tó sáré, mo dùbúlẹ̀ sínú háńẹ́ẹ̀sì, ẹnì kan di imú gíláídà mú, mo fi ojú ara mi rí i pé ìkọ́ náà wọ okùn àkọ́kọ́ àti ti àfikún. Mo tún gbé gíláídà sókè títí tí okùn itan fi fà mọ́ mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbéra rọrùn. Oòrùn ti ń na ojú òkè fún wákàtí mélòó kan, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì ń dìde lára rẹ̀. Fárió, ẹ̀rọ tó ń sọ bí a ṣe ń gòkè tàbí bí a ṣe ń sọ̀, ń ké lemọ́lemọ́ ní mítà 1.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo yípo nínú rẹ̀ títí mo fi kọjá 900.

Àfonífojì ọwọ́ òsì ṣì kún dé ẹnu. Mo rí òjìji gíláídà mi lórí funfun náà, kékeré bí labalábá, òṣùmàrè sì yí i ká bí òrùka, pupa lóde, búlúù nínú. Ẹ̀kán omi wẹ́wẹ́ inú ìkùukùu ló ń dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà sí ọ̀nà tó gbà wá, bí ẹ̀kán bá sì ṣe kéré tó ni òrùka ṣe máa ń tóbi tó. Bí mo bá yà sọ́tùn-ún, ó bá mi yà. Níwájú, ìkùukùu ń ṣàn kọjá gẹ́gẹ́ òkè kan bí omi ṣe ń já láti orí àpáta, láìsí ariwo kankan, ó sì ń pòórá kó tó dé ìsàlẹ̀. Mi ò tíì rí ohun tó lẹ́wà tó o láyé mi. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́: afẹ́fẹ́ tó ń sọ̀ ló ń fà á wálẹ̀, bó ṣe ń sọ̀ ló ń gbóná, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ìkùukùu pòórá. Gíláídà tó bá wọ ibẹ̀ á bá a sọ̀ lẹ́yìn òkè.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìkùukùu tí kò nípọn ju mítà 140 lọ kò tó nǹkan, pé ìṣẹ́jú 2 ni èèyàn fi máa la inú rẹ̀ kọjá. Ìṣẹ́jú 2 yẹn pọ̀ tó láti kú. Nínú funfun, kò sí ibi tí ojú lè dì mú, etí inú tó ń sọ bí a ṣe dúró á sì máa purọ́. Ìyẹ́ kan á rọra sọ̀ díẹ̀, ara yín á ní ẹ ń lọ tààrà, eré á máa pọ̀ sí i, ìyípo á máa fún. GPS ń sọ ibi tí ẹ ti kọjá lórí ilẹ̀, kò sọ bí ìyẹ́ ṣe tẹ̀. Ní eré kìlómítà 40, ìṣẹ́jú 2 máa gbé yín lọ tó kìlómítà 1.3, òkè sì wà nínú funfun kan náà. Ní Amẹ́ríkà, òfin Part 103, ti àwọn ohun ìfò tó fúyẹ́, tó ti wà láti 1982, kò gbà kí ẹnikẹ́ni fò láìfi ojú rí ilẹ̀, ó sì ní kí a jìnnà sí ìkùukùu, bí a bá ti kúrò nítòsí ilẹ̀, tó ẹsẹ̀ 1,000 lókè rẹ̀, 500 lábẹ́ rẹ̀, 2,000 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìlú yín kò bá tilẹ̀ ní irú òfin bẹ́ẹ̀, ẹ máa lò ó.

Òfin tèmi lórí gíga ni mítà 940: 600 fún ọ̀nà, 40 fún ibi ìbalẹ̀, 300 fún ohun tí mi ò mọ̀. Bí mo bá ti gòkè kọjá rẹ̀, mi ò jẹ́ kí n tún wà lábẹ́ rẹ̀ àfi bí mo bá ti ń lọ balẹ̀. Ní aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 35, àpáta inú òkun di eérú, ó sì pòórá. Mo wà ní 960. Afẹ́fẹ́ ṣì ń gbéni sókè, ó dùn mí láti fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo kọrí sísàlẹ̀.

Ní nǹkan bí 430, òtútù gba ojú mi bí ìgbà tí èèyàn ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì, gíláídà sì gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí afẹ́fẹ́ méjì ti pàdé nìyẹn. Ẹ ti fa ọ̀pá ìdìmú mọ́ra díẹ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀, torí bí afẹ́fẹ́ tó kọjú sí yín bá dín kù lójijì, eré ìyẹ́ á dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Mo dé orí ibi ìbalẹ̀ ní mítà 360, mo yípo, mo kọjú sí afẹ́fẹ́, mo di eré mú títí ó fi ku mítà 5, mo sì ti ọ̀pá sókè. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló kan ilẹ̀. Kò sí ohun tó tẹ̀.

Ohun tí mo ṣì fẹ́ yí padà ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀. Bí bátìrì rédíò ẹ̀gbọ́n bá kú ní aago 10 yẹn, àwọn kan nínú wa ì bá ti gbéra. Ẹni méjì ni kí ẹ fi síbẹ̀, rédíò méjì. Kí ẹ sì ti fi ẹsẹ̀ rin ibi ìbalẹ̀ kejì kí ẹ tó gun òkè. Èyí tí mo yàn láti ojú ọ̀nà ní wáyà kan tí mi ò rí àfi ìgbà tí mo dé abẹ́ rẹ̀.

Mo ń yọ báàtìn, àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń mú aṣọ dúró, kúrò nínú aṣọ ìyẹ́ nígbà tí ojú ọjọ́ ṣú. Mo yíjú wo òkè, mo ka òpó. 8 ni, bíi ti àárọ̀.